Ẹgbẹ́ alùpùpù fẹ́ lọ pàgọ́ lópin ọ̀sẹ̀: máṣíìnì 14, èèyàn 17. Ẹ bá wa yẹ ètò yìí wò

Ọmọ_Ọ̀nà_Jíjìn
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojú lọ́nà. Èmi ni wọ́n gbé ètò ìpàgọ́ ẹgbẹ́ wa lé lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe bá mi wá àléébù rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìrìn. Bó ṣe rí nìyí:

Máṣíìnì 14, mẹ́ta nínú wọn gbé èrò sẹ́yìn, gbogbo wa jẹ́ 17. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 230: 212 jẹ́ ọ̀dà, 18 tó kẹ́yìn jẹ́ erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́. A fẹ́ gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́, ká sun oru méjì, ká padà lọ́jọ́ Àìkú. Tánkì tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ gba lítà 10. Ilé epo tó kẹ́yìn ku kìlómítà 28 sí ibùdó. Onílẹ̀ ti fún wa láyè. Odò kan wà nítòsí, kò sí omi ẹ̀rọ. A ò ní ọkọ̀ tó máa ru ẹrù tẹ̀lé wa. Kí lẹ rí?

Táyà_Méjì
Aago mẹ́ta yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó.

Kìlómítà 212 lórí ọ̀dà: ọ̀wọ́ máṣíìnì tó di ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 65 ní wákàtí kan tí ẹ bá pín gbogbo ìrìn dọ́gba, bí mítà tilẹ̀ ń fi 80 hàn. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15 nìyẹn. Kìlómítà 18 orí erùpẹ̀, ẹ fi 25 sí wákàtí: ìṣẹ́jú 43. Epo lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: 50. Ìsinmi kan: 20. Àròpọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní wákàtí 5, ìṣó ò sì tíì gun táyà ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sí i fún táyà kan, torí táyà 28 lẹ ń kó lọ. Ó ti di bíi wákàtí 6. Ẹni tó bá gbéra ní mẹ́ta, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa dé. Inú òkùnkùn lẹ máa gba orí erùpẹ̀, inú òkùnkùn náà lẹ máa wá ibi tó tẹ́jú fún àgọ́.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣírò wá síwájú. Kí oòrùn tó wọ̀ ní wákàtí méjì, ẹni ìkẹyìn gbọ́dọ̀ ti tẹ sítáǹdì rẹ̀ sílẹ̀. Bí oòrùn bá ń wọ̀ ní 6:30, ẹ gbọ́dọ̀ dé ní 4:30, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbéra ní 10:30 àárọ̀. Bí iṣẹ́ ò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ pín ara yín. Kí àwọn mẹ́rin tó lè gbàyè lọ́jọ́ Ẹtì ṣáájú láàárọ̀, kí wọ́n lọ yan ilẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò ìgbẹ́, kí wọ́n wo bí odò ṣe rí. Kí ìyókù gbéra ní aago mẹ́fà ìdájí Àbámẹ́ta, wọ́n á dé bí ọ̀sán bá ń pọ́n. Oru kan péré ni wọ́n pàdánù.

Ọmọ_Ọ̀nà_Jíjìn
Ìṣírò yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò ṣe é jà níyàn. Màá gbé e fún ẹgbẹ́. Àmọ́ kí ló dé tí epo máa gba ìṣẹ́jú 25? Lítà 10 náà ńkọ́, ṣé kò lè gbé èèyàn lọ láìdúró ni?

Ẹlẹ́yìn_Ọ̀wọ́
Ọ̀wọ́ kì í rìn ju tánkì tó kéré jù nínú rẹ̀ lọ. Bí máṣíìnì yẹn bá ń rin kìlómítà 25 lórí lítà kan nígbà tí kò ru nǹkan, ẹ kà á sí 22 tó bá ti di ẹrù. 220 ló máa rìn kó tó gbẹ táútáú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣètò dé ibi gbígbẹ. Ẹ gba ìdá méje nínú mẹ́wàá: bíi 150. Nítorí náà, ẹ wá ilé epo kan láàárín kìlómítà 110 sí 140. Èkejì ni èyí tó ku 28 sí ibùdó. Níbẹ̀, gbogbo máṣíìnì gbọ́dọ̀ kún, títí kan ti ẹni tó ń pariwo pé tánkì òun ṣì wà ní ìdajì. 28 ní àlọ, 28 ní àbọ̀, ó di 56, a ò sì tíì ka ẹni tó lè ní láti gbé aláìsàn jáde lóru.

Ní ti ìṣẹ́jú 25: máṣíìnì 14, ìṣẹ́jú 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ epo kan, ó jẹ́ 42. Kì í ṣe epo ló ń jẹ àkókò náà. Owó sísan ni, ṣéńjì ni, ìbọ̀wọ́ bíbọ́ àti wíwọ̀ ni. Kó lè bọ́ sí 25, ẹ gba owó epo jọ ṣáájú. Kí ẹnì kan dúró ti ẹ̀rọ, kó máa kọ iye lítà ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tì máṣíìnì lórí ìlà, ẹ má máa tan án ká ibẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tánkì sì ti wà lọ́wọ́ kó tó kàn yín. Ẹni tó bá ti gba tirẹ̀, kó tì í kúrò KÓ TÓ wọ ìbọ̀wọ́. Ìlà kékeré yìí nìkan ló ń dín ìṣẹ́jú 10 kù.

Ẹ má sì rìn ní 14 lórí ìlà kan. Ní 80, máṣíìnì ń lọ mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan síra yín, ẹ ó gùn tó mítà 286 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà yín sílẹ̀ kò ní rí ibi padà sí, àárín yín ló máa já wọ̀. Ẹ pín sí méje-méje, ìṣẹ́jú 10 láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aṣáájú tirẹ̀ àti ẹlẹ́yìn tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa tò: aṣáájú gba ìhà tó sún mọ́ àárín ọ̀nà, ẹni kejì gba ìhà etí ọ̀nà, ẹni kẹta tẹ̀lé ipa aṣáájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ iwájú, méjì sí ẹni tó wà níwájú rẹ gan-an. Bí òjò bá rọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Níbi tí ọ̀nà bá ti wọ́, tàbí tó fún, tàbí lórí erùpẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò gbogbo ìbú ọ̀nà láti tẹ̀ máṣíìnì rẹ̀ àti láti yẹ kòtò.

Ẹ fi ẹni tó lọ́ra jù, tàbí ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kéré jù, sẹ́yìn aṣáájú tààrà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fi í sẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí aṣáájú bá fi 10 péré kún eré, ẹni kejì á pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i, ẹni kẹta á pẹ́ ju ìyẹn lọ. Kó tó kan ẹni keje, ó ti ń sá 100 kó lè bá ẹni tó ń lọ ní 80. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn dáadáa lẹ wá fi sórí eré 100 yẹn.

Eruku_Pupa
Gbogbo èyí ti pọ̀ jù o. Fóònù olúkúlùkù ní máàpù. Ẹ kàn fi orúkọ ibùdó sí i, kí oníkálukú máa bọ̀. Tí ẹ bá dé orí erùpẹ̀ náà, ẹ yọ afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ dé 20 psi, ẹ ó rí i bó ṣe máa di ilẹ̀ mú.

Ẹlẹ́yìn_Ọ̀wọ́
Máàpù fóònù dára fún ẹni tó ń dá rìn. Nínú ọ̀wọ́, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti já, èèyàn méje á dúró ní oríta kan, wọ́n á tẹjú mọ́ fóònù méje. Èyí tí kò nílò fóònù rọrùn: bí aṣáájú bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó na ọwọ́ sí ibi tí ẹni kejì máa dúró sí. Ẹni kejì dúró síbi tí wọ́n ti lè rí i láti òkèèrè, kì í ṣe sínú kọ́nà, ó ń tọ́ka ọ̀nà fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ẹlẹ́yìn fi dé. Ẹlẹ́yìn á tan iná sí i, ẹni tó dúró náà á sì wọlé síwájú ẹlẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ kẹta tẹ́lẹ̀ ti di ẹni kejì nìyẹn, òun ló kàn ní oríta tó tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó ní láti sáré bá ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ló ń ba ètò yìí jẹ́: ẹni tí sùúrù rẹ̀ tán, tó kúrò ní oríta kí ẹlẹ́yìn tó dé. Kí ẹlẹ́yìn wọ nǹkan tí kò sẹ́ni tó lè ṣì mọ̀, aṣọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn, kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹni tí ẹ bá fi sẹ́yìn aṣáájú nítorí pé ó lọ́ra, ẹ má lò ó fún oríta. Ẹni tó tẹ̀lé e ni kí ẹ kà sí ẹni kejì.

Ìyá_Ṣéènì
Eruku_Pupa, ọmọ mi, 20 psi yẹn dára fún máṣíìnì fúyẹ́ tó ń ṣeré nínú igbó láìru nǹkan. Àwọn wọ̀nyí di àgọ́, wọ́n di omi, mẹ́ta gbé èrò. Bí táyà onítúùbù tó rọ̀ bá forí sọ òkúta, rímù á fún túùbù mọ́lẹ̀, ihò méjì á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Kì í ṣe ìṣó ló gún un, àìtó afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kéré tí ẹ bá fún bíréèkì lójijì, táyà lè yí lórí rímù, á fa ẹnu fáálìfù ya. Lórí kìlómítà 18 péré, ẹni tó ní pọ́ǹpù tó dájú lè dín in ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kó dín eré kù.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo iye afẹ́fẹ́ ẹlẹ́rù tí wọ́n kọ sínú ìwé máṣíìnì tàbí sára irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ọ̀pọ̀ ló kọ méjì síbẹ̀, ẹnì kan àti ẹni méjì. Ti ẹni méjì lẹ máa lò. Ìdájí ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Táyà tó ti rìn gbóná á fi iye tó ga ju bó ṣe yẹ hàn. Ẹni tó bá jò ó sílẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí ìyẹn á jí lọ́jọ́ kejì bá táyà tó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹrù, torí òun ló ń da ìrìn rú ju ẹńjìnì lọ. Ẹ wá ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sínú ìwé, ẹ yọ ìwọ̀n máṣíìnì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú tánkì tó kún. Ká ní 380 ni, máṣíìnì jẹ́ 205: ó ku kílò 175. Awakọ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, bàtà àti akoto, 90. Èrò ẹ̀yìn, 65. Ó ku 20. Àpótí ẹ̀gbẹ́ méjì àti irin tó gbé wọn lè tó 12 lófìfo. Kílò 8 ló wá kù fún ibùsùn ẹni méjì! Nítorí náà, àwọn máṣíìnì mẹ́ta tó gbé èrò kò gbọ́dọ̀ ru nǹkan ẹgbẹ́ kankan. Ẹrù wọn ni kí ẹ pín sórí àwọn tó ń dá gùn.

Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni, kó sì sún mọ́ àárín máṣíìnì: irinṣẹ́, omi, ìkòkò. Ohun tó fúyẹ́ ló ń lọ sókè lẹ́yìn: ẹní, aṣọ ìbora. Àpótí orí irin ẹ̀yìn kì í sábà gbà ju kílò 5 lọ, wọ́n á ti kọ ọ́ sí i. Bí ẹ bá kó irinṣẹ́ síbẹ̀, ó ti kọjá ẹ̀yìn táyà, á máa gbé iwájú sókè bí ẹni tó jókòó sí ìgbẹ̀yìn pákó jangirọ́fà. Táyà iwájú á fúyẹ́. Tí ẹ bá dé 90, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún bíréèkì lójijì, ẹ rọra dá gáàsì padà, ẹ jẹ́ kí eré lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdè: okùn pẹlẹbẹ méjì tó ní ìdì, ẹ fi ṣe àgbélébùú lórí ẹrù. Ẹ má lo rọ́bà oníkọ̀ọ́. Ó ń fà, ìkọ́ ń já, ojú èèyàn ló sì máa ń bà sí. Ẹ so gbogbo orí okùn tó ṣẹ́ kù mọ́lẹ̀. Ìka mẹ́ta okùn tó ń fì lè wọ inú ṣéènì. Ìka mẹ́rin ni kí àpò fi jìnnà sí sálẹ́ńsà, torí àpò á tẹ̀ sílẹ̀ tí máṣíìnì bá ń fò lórí gbágungbàgun. Ẹ di ẹrù mú, ẹ mì ín: bí ẹrù bá dá mì, ẹ tún un dì. Bí odidi máṣíìnì bá bá a mì, ó ti dáa. Lẹ́yìn kìlómítà 20, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, ẹ fún ìdè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ le sípíríǹgì ẹ̀yìn sí i, bí ìwé ṣe sọ fún èrò àti ẹrù, kí ẹ tún wo iná iwájú lára ògiri lálẹ́. Ẹrù ń rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, iná á máa fọ́ ojú àwọn tó ń bọ̀.

Ọmọ_Ọ̀nà_Jíjìn
Ìyá Ṣéènì, ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé ká fún ṣéènì le kí ẹrù má baà jẹ́ kó bọ́?

Ìyá_Ṣéènì
Rárá o, òdìkejì ni. Bí ẹrù bá rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ń fa táyà jìnnà sí ẹńjìnì, ṣéènì tó dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí máṣíìnì ṣófo á le koránkorán. Ṣéènì tó le jù ń jẹ bíárínì tó wà lẹ́yìn eyín iwájú (irin onéyín tí ṣéènì ń yí lé), ó sì lè já. Ẹ lo ìwọ̀n inú ìwé. Ti ọ̀pọ̀ máṣíìnì wà láàárín mìlímítà 25 sí 35, ṣùgbọ́n àwọn máṣíìnì gíga ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ yí táyà, ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin. Bó bá le níbì kan tó dẹ̀ níbòmíràn, ó ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú eyín méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn ni kí ẹ ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń tú lójú ọ̀nà.

Irinṣẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́yìn ló ń gbé, torí ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kú, ẹ̀yìn ló máa wà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: ọ̀pá ìyọ táyà mẹ́ta, pọ́ǹpù, àwọn pátì àti gọ́ọ̀mù, okùn ìdíhò fún táyà tí kò ní túùbù, ìsopọ̀ ṣéènì fún nọ́ńbà ṣéènì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹgbẹ́ (ti 520 kò wọ 525), fúùsì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, téèpù, wáyà bátìrì sí bátìrì. Túùbù: bí máṣíìnì tí rímù iwájú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 21 bá wà nínú yín, ẹ mú túùbù 21 kan, bí ó bá di ọ̀ràn pàjáwìrì, ó ṣe é ká sínú ẹ̀yìn 18 títí ẹ ó fi délé. Túùbù 18 kò lè nà dé 21.

Eruku_Pupa
Mo gbà fún yín lórí 20 psi, Ìyá. Mi ò ka ẹrù mọ́ ọn. Ohun tó kù tí mo mọ̀ dájú ni eruku: lórí erùpẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 wà láàárín yín, kó lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹ dìde dúró lórí ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ má di ọwọ́ máṣíìnì mú gírígírí. Bí táyà bá ń yọ̀ nínú iyanrìn, gáàsì díẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Ẹni tó bá fún bíréèkì iwájú níbẹ̀ ti ṣubú. Kí èrò ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ níbi tí iyanrìn bá ti jìn, kó fẹsẹ̀ rìn ín.

Onílé_Aṣọ
Ẹ ti kó wọn dé ibùdó, ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀.

Omi lákọ̀ọ́kọ́. Fún mímu àti oúnjẹ, lítà 4 lórí èèyàn kan lójúmọ́. 17 lọ́nà 4 lọ́nà ọjọ́ 2 jẹ́ lítà 136, kílò 136 sì ni. Kò sí máṣíìnì tó máa rù ú láti kìlómítà 230. Ẹ kó kẹ́ẹ̀gì tó ṣe é ká lọ lófìfo, ẹ pọn omi sí i ní ilé epo tó kẹ́yìn, lítà 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń dá gùn, kó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì dọ́gba. 11 ni wọ́n, ó jẹ́ 55. Ìyókù, odò ni. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibùdó bá ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Asẹ́ kékeré tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò ń mú bakitéríà, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ń gba inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọjá, iná ló dájú. Agolo gáàsì 230 gíráàmù ń se bíi lítà 12 sí 15, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ọkàn lé agolo méjì.

Ilẹ̀: ibi tó ga díẹ̀, tó tẹ́jú, kì í ṣe ojú odò tó gbẹ. Òjò tó rọ̀ lókè ọ̀hún lè gba ibẹ̀ lóru láìsí pé ìkán omi kan kán lé yín lórí. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó na àgọ́: ẹ̀ka igi tó ti kú kì í kìlọ̀ kó tó já. Tápólì tí ẹ tẹ́ sábẹ́ àgọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ etí jáde. Ẹ ká etí rẹ̀ sínú, kó kéré sí ìsàlẹ̀ àgọ́ ní ìka mẹ́ta yí ká. Bó bá yọ síta, òun ló máa gba òjò, tí á sì darí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn yín. Ohun tí wọ́n rò pé àgọ́ ló jò, tápólì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èèkàn: ẹ fi gun ilẹ̀ ní ìdagun, kí orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àgọ́. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, torí ẹsẹ̀ alẹ́ kì í rí okùn.

Bí ẹ bá ń ra àgọ́, ẹ wo bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe gùn tó nígbà tí wọ́n bá ká a. Bó bá kọjá sẹ̀ǹtímítà 50, á yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó méjèèjì.

Àwọn máṣíìnì: ẹ gbé wọn síbì kan lẹ́nu ọ̀nà ibùdó, kì í ṣe láàárín àgọ́, pẹ̀lú iwájú wọn sí ọ̀nà ìjáde. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, máṣíìnì kan á sì wó lu èkejì títí dé ìparí ìlà. Ẹ gé pákó ìbú sẹ̀ǹtímítà 10 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó nípọn tó 2. Ẹ lu ihò kan sí etí rẹ̀, ẹ so okùn gígùn mọ́ ọn, ẹ fi òkè okùn kọ́ ọwọ́ máṣíìnì. Ẹ ó fi fà á sókè láti orí ìjókòó, ẹ ò sì ní gbàgbé rẹ̀ nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagun, iwájú kọ sí òkè, gíà wà ní ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, á yí síwájú, sítáǹdì á ká.

Ihò ìgbẹ́: mítà 60 sí odò, sí àgọ́ àti sí ibi ìdáná, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ṣọ́bìrì àti òkìtì erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá lò ó kó bò ó. Kẹ́ẹ̀gì omi tó ní ẹnu kékeré àti ọṣẹ wà lójú ọ̀nà tí wọ́n máa gbà padà, kì í ṣe nínú àgọ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú èèyàn mẹ́ta, ọwọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe oúnjẹ.

Iná: ẹ ro ilẹ̀ mítà 3 yí i ká, ẹ má lo òkúta inú odò, torí omi inú rẹ̀ ń gbóná, òkúta á bú. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí máṣíìnì wà. Kò sí sítóòfù nínú àgọ́, òjò ì báà máa rọ̀. Kábọ́ọ̀nù mònóksáìdì kò ní òórùn. Ẹni tó sùn kò ní jí.

Nọ́ọ̀sì_Alùpùpù
Mo fi díẹ̀ kún un. Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fún wọn, ẹ bèèrè oògùn tí ara wọn kò gbà, àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú, nọ́ńbà ẹni tí a ó pè. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àwọn aṣáájú, kí òmíràn wà lórí ìwé nínú àpò òsì jákẹ́ẹ̀tì gbogbo èèyàn. Fóònù tó ní lọ́ọ̀kì kò wúlò fún ẹni tó ń gbé ẹni tó dákú.

Bí ẹnì kan bá ṣubú: aṣáájú kò gbọ́dọ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Àwọn méjì tó sún mọ́ ọn ló ń dúró. Ọ̀kan sáré padà sẹ́yìn tó mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láti dá ọkọ̀ dúró, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú. Ẹlẹ́yìn ló ń pe ìrànlọ́wọ́, kó sì sọ iye kìlómítà tó wà lára òkúta ọ̀nà. Ìyókù kúrò lórí ọ̀dà pátápátá. Ẹ má ṣí akoto bí ó bá ń mí tó sì ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá mí, tàbí tí èébì ń dí i, ó di dandan ká ṣí i, èèyàn méjì ni: ọ̀kan ti ìsàlẹ̀ di ọrùn àti ẹ̀yìn orí mú kó má yẹ̀, ọ̀kan rọra fa akoto jáde ní títọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Ní ti ọtí: ara ń pa bíi òṣùwọ̀n kan (mílílítà 10 ògidì ọtí) ní wákàtí kan, kọfí àti omi tútù kò lè mú un yá. Ẹni tó mu òṣùwọ̀n mẹ́jọ títí di ọ̀gànjọ́ òru, ó lè di aago mẹ́jọ àárọ̀ kó tó tán lára rẹ̀, bó tilẹ̀ ti sùn, tó jí, tó fọ ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ mu lálẹ́ Àbámẹ́ta, kó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò kan kó tó ṣí ìgò àkọ́kọ́, kó sì máa retí rẹ̀ ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Àìkú.

Ọmọ_Ọ̀nà_Jíjìn
Ẹ ti dá mi lóhùn kọjá ohun tí mo bèèrè. Àwọn mẹ́rin máa ṣáájú lọ́jọ́ Ẹtì, ìyókù gbéra ní mẹ́fà ìdájí Àbámẹ́ta: bẹ́ẹ̀ ni màá kọ ọ́ síwájú ẹgbẹ́ lálẹ́ òní. Ó ku àárọ̀ Àìkú. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Onílé_Aṣọ
Iná ni. Ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú náà. Bó bá ṣì ń móoru, kò tíì kú. Àgọ́ ló ń kẹ́yìn, kí ìrì lè gbẹ lára rẹ̀; àgọ́ tútù wúwo, kì í sì í wọ inú àpò rẹ̀. Bí kò bá gbẹ, ẹ dì í lọ́tọ̀ síta, ẹ sì na án nílé lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an kí ó má baà bu.

Ìyá_Ṣéènì
Tí ẹ bá dé ibi tí erùpẹ̀ ti pàdé ọ̀dà, ẹ dúró. Ẹ fún ìdè, ẹ fi aṣọ nu iyanrìn lára ṣéènì, ẹ fi òróró sí i lára inú, ẹ yí táyà pẹ̀lú ọwọ́, ẹńjìnì ti kú. Ẹ tún táyà kún, ẹni tó bá yọ díẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀nà_Jíjìn
Ó dáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: àpò kọ́kọ́rọ́ yẹn, ta ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Alùpùpù
Ẹni tí kì í mu, tí kò sì lójú àánú.